Ẹ má ta ilẹ̀ ẹbí nítorí físà tí ẹ kò tíì kà

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí láì fepo bọyọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ní òun lè bá yín gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó wá sí ìlú ọba, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ibí ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ pé àwọn kan ń ta ilẹ̀ ẹbí, wọ́n ń kó owó àjọ, wọ́n sì ń kà á lé ajẹ́ńtì lọ́wọ́. Ó ń dùn mí dé egungun.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ tilẹ̀ ju ti ajẹ́ńtì lọ. Nílé, bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹni ní Sábó, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé ta la mọ̀. A óò wá ẹ̀gbọ́n kan tó mọ DPO, a óò pe olórí ẹbí, a óò bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní ká mú nǹkan wá, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò dára, ó ti ba ìlú wa jẹ́, ṣùgbọ́n a mọ ọ̀nà ibẹ̀. Níbí, kò sẹ́ni tó mọ bàbá yín. Ìjọba ti kọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́ sínú físà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni yóò sọ bóyá aya tàbí ọkọ yín lè bá yín wá, iye wákàtí tí ẹ lè fi ṣiṣẹ́, àti ẹni tó lè mú kí wọ́n dá yín padà sílé.

Láti oṣù Kínní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka ìwé oyè kejì tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de àwọn olùtọ́jú arúgbó náà. Ẹni tó bá sì wá lórí físà iṣẹ́ mìíràn, tó lè mú ìdílé rẹ̀ dání, kó kọ́kọ́ ṣírò owó ìlera tí wọ́n ń gbà ṣáájú: pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, 776 fún ọmọdé. Fún tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, ọdún mẹ́ta jẹ́ pọ́n-ùn 10,866, ẹ kò sì tíì san owó físà tàbí ti ọkọ̀ òfurufú. Ẹ óò dé, ẹ óò máa san owó orí bí onílùú ṣe ń san án. Bí iṣẹ́ bá wá bọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba, wọ́n ti kọ èyí náà sí físà.

Èyí tó le jù ni ti sípọ́ńsọ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ tí físà yín sì rọ̀ mọ́. Ìjọba kò fúnra rẹ̀ di okùn tó so yín mú, ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló fi í sí. Lóòótọ́, òfin wà tó ní owó wákàtí kan kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju iye kan lọ. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà, ẹ sì láṣẹ láti gbé ọ̀gá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹjọ́ sùn nígbà tí ìwé tó fi ń gbé ìlú wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Àbúrò kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a jọ gbé ilé kan náà. Iṣẹ́ kíkún ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ sínú ìwé, òru méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ọjọ́ tó lanu sọ̀rọ̀, máníjà bi í pé ṣé ó fẹ́ kí òun kọ̀wé sí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, ni. Ó panu mọ́. Nígbà tó yá, ìjọba gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà nítorí ìwàkiwà wọn, a sì rò pé ọwọ́ ti tẹ ìkà. Kò pẹ́ tí ímeèlì fi dé bá òun náà. Ní kíṣìnnì ló ti kà á. Ó gbé fóònù fún mi, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ 60 sí: ọjọ́ 60 ló ní láti rí sípọ́ńsọ̀ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ó bi mí bóyá wọ́n ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn. Wọ́n kà á mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ ló ṣẹ̀, òun ni wọ́n ń ka ọjọ́ fún. Nígbẹ̀yìn ó rí òmíràn ní ìlú kan tó jìnnà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tó ń rí wa nínú aṣọ régbérégbé lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí ẹ̀ ń wo wúrà ọrùn wa, irú ìtàn báyìí kì í jáde lẹ́nu wa níbẹ̀. Ó yẹ kó máa jáde.

Ibi gbogbo kọ́ ni ìjọba ti ń ṣe é bákan náà o. Ní Lẹ́bánónì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin wa lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, òfin iṣẹ́ yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní kafala, tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá rẹ̀, bí ọmọ náà bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń lù ú, òun gan-an lè di arúfin. Ní 2020, ìjọba Qatar fàyè gba òṣìṣẹ́ láti pààrọ̀ iṣẹ́ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ní Kánádà, láti 2019, òṣìṣẹ́ àjèjì tí ọ̀gá ń fìyà jẹ lè bèèrè ìwé iṣẹ́ tí kò so ó mọ́ ọ̀gá kankan. Pé ìjọba lè fi òfin yí ìgbésí ayé èèyàn padà, kò yẹ kí èyí ṣe àwa ọmọ Rẹ́mọ ní kàyéfì. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá má rí ẹnu ọ̀nà iléèwé ló wọ kíláàsì. Ìyà tí mo ń sọ yìí, ẹnìkan ló jókòó tó buwọ́ lù ú, ẹlòmíràn sì lè pa á rẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi pàṣán sílẹ̀ nílé. Wọ́n ti fòfin de nína ọmọ ní Scotland láti 2020 àti ní Wales láti 2022. Ní England, bí tíṣà bá rí àpá lára ọmọ, àwọn tí ìjọba yàn lè kan ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́ náà, kò sì sí àgbà ilé kan tó lè bá yín bẹ̀ wọ́n.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹni tó ń gbé ibí pẹ̀lú físà tó pé lè dìbò yan aṣòfin, kò dìgbà tó bá di ọmọ onílùú. Páálí Nàìjíríà yín gan-an ni ẹ lè fi hàn ní ibùdó ìdìbò. Ìlú tiwa kò tíì gbà kí a dìbò láti òkèèrè, ìlú àjèjì gbà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ gbàrà tí ẹ bá dé. Bí ọ̀gá bá sì ń fìyà jẹ yín, ẹ lọ bá aṣòfin àdúgbò yín ní ọ́fíìsì rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn sípọ́ńsọ̀ tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san mílíọ̀nù fún CoS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí sípọ́ńsọ̀ fi ń sọ pé òun gbà yín síṣẹ́, ẹ sá, nítorí ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ di owó yẹn rù yín. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnìkan nílé. Ẹni tó bá ti ní físà lọ́wọ́, tó fẹ́ kí n bá òun kà á, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó sì bo nọ́ńbà páálí rẹ̀ mọ́lẹ̀.