Gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń di iṣẹ́ ọnà pàǹtí mú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó pàǹtí àdúgbò jọ fi ṣe iṣẹ́ ọnà gbà pé bí gọ́ọ̀mù bá ṣáà ti lágbára, kò sí ohun tí kò lè lẹ̀. Bí ọmọrí ìgò bá ń já bọ́ lára ògiri, wọ́n á ní ayédèrú gọ́ọ̀mù ni, wọ́n á tún lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ẹ má fi owó yín ṣòfò. Ike náà gan-an ni kì í gba gọ́ọ̀mù.

Ẹ kán omi sórí rẹ̀. Bó bá dúró roboto bí omi orí ewé kókò, gọ́ọ̀mù náà kò ní dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọrí ìgò omi, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti kẹ́ẹ̀gì ṣe rí. Bí ẹ bá rí 2, 4 tàbí 5 nínú onígun mẹ́ta lábẹ́ ike, ìran wọn ni. Súpà gúlù á gbẹ, á sì sán bí oòrùn bá mú kí ike náà fẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà á rọ̀ bí òjò bá pa á.

Síso ló ń pẹ́. Wáyà kọ́pà ni El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tó wá sí Nsukka ní 1975, fi ń so ọmọrí ìgò ọtí pọ̀ di ohun tó ń wọ́ bí aṣọ. Ẹ̀kú eégún tiwa náà, abẹ́rẹ́ àti òwú ni.

Ọmọrí ìgò omi sábà máa ń fẹ̀ tó bíi mìlímítà 28 sí 30. Bíi mítà kan níbùú lóròó yóò gba 35 ní ìlà 35, ìyẹn 1,225. Ẹ ṣa 1,300, torí àwọn kan á fọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ dáadáa. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé pákó, kí ẹ fi dírìlì mìlímítà 2 lu ihò mẹ́rin, kí ihò jìnnà sí etí tó mìlímítà 5. Èyí tó bá sún mọ́ etí jù á ya. Ẹ má fi ìṣó gbígbóná lu ú: èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà, pàápàá níbi tí ọmọdé wà.

Wáyà kọ́pà mìlímítà 0.8 ló dára. Ojú ìsopọ̀ 2,380 ni, sẹ̀ǹtímítà 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bíi mítà 190 lápapọ̀. Ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ó máa ń já bí ẹ bá lọ́ ọ jù. Ẹ tẹ ṣóńṣó rẹ̀ padà sẹ́yìn kó má baà ha ọmọ lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ so ó ní 7 sí 7, kó di ègé 25, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ṣeé yí. Lápapọ̀, á wúwo tó bíi kílò 4, nítorí náà ọ̀pá irin ni kí ẹ so ìlà òkè mọ́, kì í ṣe ìṣó méjì.

Ọmọrí bíà yàtọ̀. Irin ni, ó ń dípẹtà, kọ́pà sì ń mú kó tètè dípẹtà níbi tí òjò ti ń kàn án. Inú ilé ni kí ẹ lò ó sí.

Àyè gọ́ọ̀mù wà o: páálí, ègé igi àti àjákù Áńkárá ń fà á mu.