Tówó bá tán ńkọ́?
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin oníròyìn. Òótọ́ lẹ kọ pé àwọn àjọ àgbáyé ń pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ebi ní Borno, WFP (àjọ oúnjẹ àgbáyé) ń gbé oúnjẹ wá, UNICEF ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀) ń fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn kí wọ́n lè padà sóko, èyí gan-an ló wù mí jù torí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa to láìnì gba oúnjẹ títí ayé. Àmọ́ tówó bá tán ńkọ́? Ní oṣù keje 2025 WFP fúnra wọn pariwo pé owó ti ń tán, pé èèyàn mílíọ̀nù 1.3 lè má rí ìrànlọ́wọ́ gbà mọ́ lápá ibẹ̀, pé kílíníìkì tó lé ní 150 tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé náà fẹ́ tì pa. Ọmọ ọwọ́ mọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ni? Ó dùn mí gan-an. Ìjọba tiwa náà gbọ́dọ̀ dáwó sí i, kí wọ́n sì ṣọ́ àwọn àgbẹ̀ lóko, ẹ ṣáà rántí Zabarmari ní Borno níbẹ̀ ní 2020, ìrẹsì ni àwọn àgbẹ̀ ń kórè lọ́wọ́ tí àwọn agbésùnmọ̀mí fi pa wọ́n.