Kọ̀ǹpútà tó ń kú tó tún ń tan ara rẹ̀: ẹ yé fi gbogbo rẹ̀ di ẹ̀bi fáírọ́ọ̀sì

Tí kọ̀ǹpútà ilé bá ti ń ṣàdédé kú, tó tún ń tan ara rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Ẹ lọ fọ́máàtì ẹ̀." Wọ́n á nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, wọ́n á fi Windows tuntun sí i, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ti lọ, iṣẹ́ ti lọ, àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ìgbàgbọ́ yìí ní orírun. Lóṣù kẹjọ ọdún 2003, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Blaster jà káàkiri ayé. Ní 2004, òmíràn tó ń jẹ́ Sasser tẹ̀ lé e. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ lu Windows XP, àpótí kan á yọ sójú kọ̀ǹpútà, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá 60 sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà á sì kú, á tún tàn. Ṣùgbọ́n kíkú yẹn gan-an kọ́ ni wọ́n wá ṣe; ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ló ń da apá kan Windows rú. Fáírọ́ọ̀sì ayé ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó ló ń wá, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ wà ní títàn kó lè ríṣẹ́ ṣe. Olè tó fẹ́ pẹ́ nínú ilé kì í lu agogo.

Kí ló wá ń fà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, iná tí kò dúró ire ni, tàbí ooru, tàbí RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), tàbí dráífà (ètò tí Windows fi ń bá àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Windows ní ètò kan tó máa ń mú kí kọ̀ǹpútà tan ara rẹ̀ kíákíá tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ò sì ní ráyè ka àṣìṣe tó kọ sójú kọ̀ǹpútà tó di búlúù. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí "Advanced", ẹ tẹ "Settings" tó wà lábẹ́ "Startup and Recovery", kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú "Automatically restart".

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Event Viewer, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wo "System" lábẹ́ "Windows Logs". Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á rí àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ Kernel-Power 41, wọ́n á sáré lọ ra páwà sọ́pláì tuntun, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà kò kú bó ṣe yẹ. Ẹ tẹ "Details", kí ẹ wo BugcheckCode, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí Windows kọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 0, Windows kò ráyè kọ nǹkan kan sílẹ̀: ẹ fura sí iná, ooru, tàbí ẹ̀rọ tó gan pa. Tí nọ́ńbà mìíràn bá wà níbẹ̀, Windows fúnra rẹ̀ ló dákú, ẹ yẹ dráífà àti RAM wò. Tó bá sì jẹ́ àkọsílẹ̀ 1074 lẹ rí dípò 41, ẹnì kan tàbí ètò kan ló ní kó kú, bí àpẹẹrẹ Windows Update. Ìyẹn kì í sábà jẹ́ àìsàn.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí géèmù ńlá ń lọ lọ́wọ́ ló máa ń kú, ẹ wo fáànù bóyá eruku ti dí i. Tí kò bá nídìí kan pàtó, ẹ yọ RAM kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá rí ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú páwà sọ́pláì: iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Ẹ fi òmíràn dán an wò ni.

Tí ẹnì kan bá ṣì ń jiyàn pé fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ fi Linux, ètò mìíràn tó lè darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, tan kọ̀ǹpútà náà láti orí fíláàṣì, kí ẹ sì lò ó fún wákàtí mélòó kan. Windows kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ náà kò lè ṣiṣẹ́. Tó bá tún kú, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀.