Ẹ yéé di ẹ̀bi ru dáìsì

Bí àwọn ọmọ bá ti Èkó wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí Ojúde Ọba, tí wọ́n gbé Risk, eré ogun orí àwòrán ayé tí wọ́n ń fi dáìsì jà, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbe ẹni tí wọ́n bá ti lù kì í yàtọ̀: "Orí mi ò ṣe é lónìí." Èrò ọkàn mi ni pé orí kọ́. Ìṣirò ni wọn ò ṣe.

Ẹni tó gbógun wá lè ju dáìsì 3, onílé lè ju 2. Èyí tó ga jù la ó fi ko èyí tó ga jù, ìkejì a ko ìkejì. Bó bá dọ́gba, onílé ló jẹ. Ká ní ẹ ju 6, 3 àti 2, onílé ju 5 àti 3. 6 yín pa 5 rẹ̀, ṣùgbọ́n 3 rẹ̀ pa 3 yín: ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan ló lọ. Ọ̀nà 7,776 ni dáìsì 5 lè gbà balẹ̀. Nínú rẹ̀, 2,890 ni onílé ti máa pàdánù méjì, 2,275 ni ẹ̀yin ti máa pàdánù méjì, nínú 2,611 yòókù, ẹ ó pàdánù ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Agbógun-wá ló rí jẹ díẹ̀. Bí ogun bá pọ̀, ẹ ó pàdánù bíi 85 kí onílé tó pàdánù 100.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sílé, nítorí náà ẹ nílò 4 kí ẹ tó lè ju dáìsì 3. Ibí ni wàhálà wà. Wọ́n á jà títí yóò fi ku 3, ara á ti gbóná, wọ́n á fi dáìsì 2 ko 2 onílé. Nínú ìgbà 100, bíi 23 péré ni wọ́n á pa méjèèjì; bíi 45 ni wọ́n á pàdánù méjèèjì. Bó bá ti ku 3, ẹ dáwọ́ dúró, àfi bí onílé náà bá ku ẹyọ kan.

Àwọn kan tún máa ń ní ká tún un jù bó bá dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba eré jẹ́! Ní dáìsì kan sí kan, 15 nínú 36 ni agbógun-wá fi ń jẹ. Bí ẹ bá ń tún un jù, ó di ọgbọọgba, kí wá lèrè ẹni tó jókòó ṣọ́ ilé rẹ̀?

Ní ti ilẹ̀, Ọsirélíà ni tèmi. Ìlú 4, ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo láti Siam sí Indonesia, ọmọ-ogun 2 lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkígbà tó bá kàn yín. Éṣíà ń fúnni ní 7 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú 12 ni, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wọ ibẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ yàrà Èrèdò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, nǹkan bí 160 kìlómítà, ò jẹ́ fi Éṣíà ṣe ilé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ìlú 6 léraléra, tí ọmọ-ogun ẹyọ kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi 8 gbéra. Ẹ ó fi ẹnì kan sílẹ̀ níbi tí ẹ ti kúrò àti nínú ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbà, bíi 3 á kú lójú ọ̀nà, 4 sì gbọ́dọ̀ kù lọ́wọ́ yín dé ẹnu ìlú tó kẹ́yìn. 12 ni kí ẹ kó lọ, 13 bó bá ṣeé ṣe.