Àgọ́ ẹni méjì kò gba ẹni méjì bí òjò bá dé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń rí àwòrán yín lórí òkè Adó-Àwáyè láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé àwọn ọmọ wa ti ń fẹ́ mọ ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ fẹ́ sùn níta lásìkò òjò, ẹ má ra àgọ́ tí wọ́n kọ "ẹni méjì" sí lára. Ti ẹni mẹ́ta ni kí ẹ rà, tàbí ti ẹni méjì tó láyè gan-an, tó sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ojú mi ló rí i. Nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi gbéra láti Ọ̀yọ́, a gba Ìsẹ́yìn, a gun òkè yẹn. Àgọ́ tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì la gbé dání. Lọ́sàn-án, ó wuyì. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, mànàmáná ti ń kọ ní ìlà-oòrùn, ẹ̀fúùfù tútù kan já lù wá, òjò sì tẹ̀ lé e. Aṣọ tí wọ́n fi bo àgọ́ náà lókè kò ju fìlà lọ, orí nìkan ló bò. Ògiri rẹ̀ tẹ̀ wọlé, ó lẹ̀ mọ́ èjìká ìyàwó mi. Mo tan iná fóònù. Ibi tí aṣọ àgọ́ ti kan ìró rẹ̀ gan-an lomi ti ń wọlé, ìró náà ń fà á mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ibi tí ara wa ò kàn, gbígbẹ ló wà. A ká ẹsẹ̀ kò, a fara mọ́ra láàárín, a ò sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó yé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn: àyè kì í ṣe fáàrí. Àyè ni kì í jẹ́ kí ara àti ẹrù kan ògiri.

Nígbà tí a délé, mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ iwájú ilé wa, mo wọn àgọ́ náà. Sẹ̀ǹtímítà 130 ni ìbú rẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì kékeré tí wọ́n máa ń ká sínú àpò ẹ̀yìn sábà máa ń tó 51. Méjì rẹ̀ ti gba 102 nìyẹn, 28 péré ló kù, mẹ́rìnlá lápá ọ̀tún, mẹ́rìnlá lápá òsì. Ògiri tún dà sínú bó ṣe ń ga sókè, torí náà bí ẹ bá dìde jókòó, orí àti èjìká yín ti kàn án. Báàgì ńkọ́? Bàtà tó ti kún fún ẹrẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó kọ "ẹni méjì" síbẹ̀ ka èèyàn, kò ka ẹrù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Nínú ilé baba wa, ta ló ń wọ bàtà òjò wọ yàrá? Aṣọ òde àgọ́ gbọ́dọ̀ ṣíji bo iwájú ẹnu ọ̀nà, kí ẹ lè bọ́ bàtà síbẹ̀, kí báàgì sì rí ibi jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná nínú àgọ́ o, òjò ìbáà máa rọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, òun náà ló ń jáde lára èédú àti sítóòfù.

Kí aṣọ òde yẹn balẹ̀ dáadáa yí ká, kó sì kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Aṣọ inú kó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó pọ̀. Àwọn àgọ́ kan wà tí wọ́n ń yìn fún ìjì lókè òkun, yìnyín ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n. Nínú ooru tiwa, èémí ẹni méjì nìkan tó láti di omi sára ògiri wọn, ẹ ó sì rò pé àgọ́ ló ń jò.

Ẹ béèrè bí omi tó dúró lórí aṣọ rẹ̀ ṣe lè ga tó, ní mìlímítà, kó tó jò. N kò ní ra èyí tí kò tó 3,000, ti ilẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúnkún àti ìgúnpá ń tẹ omi wọlé láti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n ti lẹ ojú rírán pa láti inú. Polyester ló tẹ́ mi lọ́rùn ju náílọ́ọ̀nù lọ, torí náílọ́ọ̀nù máa ń dẹ̀ bó bá tutù. Ọ̀pá alumíníọ̀mù máa ń tẹ̀ kó tó dá, ti fiberglass máa ń là ni.

Ẹ má wá tìtorí àyè lọ ra èyí tí ẹ lè dúró nínú rẹ̀ bíi kánópì. Ìjì ń wá ohun gíga. Bí ẹ bá lè jókòó kí orí yín má kan òkè, ó tó.

Ìjì wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, torí náà ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí ìlà-oòrùn, ẹ kọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Lórí àpáta Adó, èèkàn ò ní wọlé, òkúta ńlá ni kí ẹ so okùn mọ́. Bí ẹ bá sì ti ń gbọ́ àrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí ẹ má sì sá sábẹ́ igi. Kò sí àgọ́ tó ń gbani lọ́wọ́ àrá, iye yòówù kí ẹ rà á. Àwa ọmọ Ọ̀yọ́, ìlú Ṣàngó, ẹnikẹ́ni ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìyẹn fún wa.

Ìyàwó mi ti ní òun ò lọ mọ́. Nígbà tí mo ra ti ẹni mẹ́ta, mo pa á sí ẹ̀yìnkùnlé nínú oṣù kẹwàá, mo dúró de òjò. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀kan já lu àdúgbò, ó ká páànù ilé aládùúgbò wa. Ìyàwó mi bá mi wọ inú àgọ́ náà, ó fọwọ́ pa ògiri yí ká, ó fọwọ́ pa ilẹ̀, ó ní kí n sún fún òun. Kí òjò tó dá, ó ti sùn lọ. Láàárọ̀, òun ló bi mí pé ọjọ́ wo la máa padà sí Adó.