Kò dìgbà tí òkun bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ kó tó pa ọmọ inú rẹ̀

Ó ti lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn èèyàn tó kàwé dáadáa: "Irọ́ ni wọ́n ń pa pé òkun ń di ásíìdì. Ẹ bu omi òkun, kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ásíìdì rárá." Ohun tó ń dùn mí ni pé apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Lórí òṣùwọ̀n pH, tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, 7 ni àárín. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7, ásíìdì ni, irú bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tó bá ju 7 lọ, ọ̀dọ̀ káún àti ọṣẹ ló wà. Ojú òkun wà ní nǹkan bí 8.1, ọ̀dọ̀ káún náà nìyẹn. Kò sí onímọ̀ kan tó ń sọ pé bí a bá tọ́ ọ wò, yóò kan wá lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n "ń di" la wí, a ò wí pé "ti di". Ẹni tó kúrò ní Ìlọrin tó dorí kọ Èkó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì rí ọ̀sà, àmọ́ ta ló máa sọ pé kò kúrò nílé? Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú àti epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, nǹkan bí 8.2 ni òkun wà. Ó ti wálẹ̀ sí 8.1. Ìyẹn kéré lójú, àbí? Òṣùwọ̀n pH kì í ṣe bíi rúlà. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ẹyọ kan péré, ohun tó ń mú omi kan ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá tó wálẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé ohun tó ń mú omi kan ti fi nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé Netarts Bay, ní etíkun ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló yí èmi náà lérò padà. Àwọn àgbẹ̀ etíkun yẹn ń sin ọ́ísítà, ẹran omi tó máa ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó pa dé. Ìran tí wọ́n ń sìn níbẹ̀, láti Japan ló ti wá. Omi ibẹ̀ tutù fún un, kì í sábà bímọ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ra ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ẹyin rẹ̀ nínú táǹkì. Whiskey Creek ni ọ̀kan lára irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, ọmọ ọ́ísítà bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, odindi táǹkì ni. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Vibrio tubiashii. Wọ́n náwó lé ẹ̀rọ tó ń fọ omi mọ́. Kòkòrò lọ, ikú ò lọ.

Alan Barton tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló wá kíyè sí i pé ìgbà tí atẹ́gùn àríwá bá fẹ́, tí omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun bá ru wá sókè, ni àwọn ọmọ náà ń kú. Burke Hales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Oregon bá wọn wọn omi náà. CO2, afẹ́fẹ́ kan náà tí à ń mí jáde, tó sì ń jáde lẹ́nu èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, ló kún inú rẹ̀. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: nígbà tí omi yẹn burú jù, pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 7.6. Kò fìgbà kankan di ásíìdì. Ọ̀dọ̀ káún ló wà tó fi ń pa wọ́n.

Báwo ló ṣe ṣe é? Bí CO2 bá wọ omi, ásíìdì díẹ̀ ló máa ń dà níbẹ̀, èyí tó máa ń ta wá lẹ́nu díẹ̀ bí a bá mu ẹlẹ́rìndòdò. Ásíìdì náà á tú haidirójìn sílẹ̀, haidirójìn á sì lọ so mọ́ kábọ́néètì tó wà nínú omi òkun. Kábọ́néètì yẹn gan-an ni ọ́ísítà, ìṣáwùrù àti ẹran omi tó ń kọ́ iyùn ń pò mọ́ kálísíọ́ọ̀mù láti fi kọ́lé ara wọn. Ẹ wo bíríkìlà tó dé ibi iṣẹ́ tó rí i pé wọ́n ti kó sìmẹ́ǹtì òun lọ. Iyanrìn wà, omi wà, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá, àmọ́ ògiri ò ní dìde. Àwọn kan tó mọ kẹ́mísìrì díẹ̀ á ní ṣebí kábọ́nì wà nínú ìkarahun, pé bí CO2 bá pọ̀ sí i, ìkarahun á nípọn sí i. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: kábọ́nì pọ̀ nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà ní irú èyí tí wọn ò lè fi kọ́lé.

Àgbà ọ́ísítà lè fara dà á fúngbà díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni kò lè ṣe é. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tó dé ayé, kò tíì lẹ́nu tó fi ń jẹun, oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ fi sínú ẹyin nìkan ló ní, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ ìkarahun rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kábọ́néètì bá ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ yẹn á gba agbára ju èyí tó ní lọ. Oúnjẹ á tán kílé tó parí. Bí mo bá ti rántí èyí, mi ò lè gbọ́ "òkun kì í ṣe ásíìdì" kí n dákẹ́ mọ́.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi tún táǹkì ṣe: sódíọ́ọ̀mù kábọ́néètì. Ó wà nínú káún tí àwọn ìyá wa ń fi se ewédú. Wọ́n tún ń fa omi lọ́sàn-án dípò àárọ̀, torí pé koríko inú omi máa ń mu CO2 nígbà tí oòrùn bá ràn. Ọmọ ọ́ísítà bẹ̀rẹ̀ sí í yè padà. Àmọ́ inú táǹkì nìyẹn.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun abẹ̀mí inú òkun ló máa kú. Ní erékùṣù Ischia ní Ítálì, CO2 ń ru jáde fúnra rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ òkun. Ní ọdún 2008, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun, Jason Hall-Spencer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ jáde: koríko òkun ń gbèrú, ṣùgbọ́n ìkarahun àwọn ìṣáwùrù ń jẹrà lára wọn láàyè.

Àwọn tó ń sọ pé òkun tóbi jù fún wa láti bà jẹ́ gbàgbé pé ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gba CO2, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí à ń tú jáde lọ́dọọdún. Kí omi ojú òkun tó pò mọ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó lè gba ẹgbẹ̀rún ọdún. Ojú náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń jẹ ń gbé.

Ní ọdún 2007, onímọ̀ òkun kan, Richard Feely, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn omi ìsàlẹ̀ tó ń ru sókè ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣírò pé ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí omi náà ti kúrò lójú òkun. Nígbà tó rì lọ, CO2 inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti lé ní 420 báyìí, omi tó ń rì lọ lónìí sì ń gbé e lọ sísàlẹ̀.