Ẹ gbé tẹlifóònù yẹn sílẹ̀

Nọ́ńbà náà ni 12377. Láti ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Ṣáínà tó bá rí i pé olùkọ́ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ tàbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ ohun kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìtàn Ẹgbẹ́ Kọ́múnístì, tí ohun náà kò sì bá ti ìwé ìjọba mu, lè tẹ nọ́ńbà yẹn kó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àjọ tó ń ṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ní àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ ìtàn dòfo, tí wọ́n ń ba àwọn akọni lórúkọ jẹ́, tí wọ́n sì ní èrò ìkọ̀kọ̀ lọ́kàn. Òfin ti wà nílẹ̀ fún irú wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún yẹn: ẹni tó bá ba orúkọ akọni jẹ́ lè fẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta jura.

A mọ ohun tó ń lé wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù keje 2021 ni ẹgbẹ́ náà ṣayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì fẹ́ kí ilé ti mọ́ kí àlejò tó dé. A ò bá onílé jà pé ó ń gbálẹ̀. Ohun tí à ń béèrè ni pé, àwọn wo ló ń gbá dànù mọ́ ìdọ̀tí?

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ tiẹ̀ rí. A sọ ọ́ ní 2016 nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Beijing pàṣẹ pé kí Hong Zhenkuai, òǹkọ̀wé ìtàn kan, tọrọ àforíjì nítorí pé ó béèrè ìbéèrè nípa àwọn akọni márùn-ún òkè Langya, àwọn ọmọ ogun tí ìwé ìjọba ní wọ́n bẹ́ sílẹ̀ láti orí òkè kí ọwọ́ àwọn ará Jàpáànù má bàa tẹ̀ wọ́n. A tún un sọ ní 2018 nígbà tí òfin ààbò àwọn akọni jáde. Gbólóhùn kan náà ni: ẹ ṣí àpótí ìwé, kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀wé kà á. Ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wá fi tẹlifóònù kún un.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ọjọ́ ìbí náà gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù keje kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, àwọn tó palẹ̀ ayẹyẹ mọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Yan'an lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣèrántí, Mao Zedong àti Dong Biwu, tí àwọn méjèèjì jókòó ní ìpàdé náà, kò rántí ọjọ́ tó bọ́ sí. Wọ́n mọ̀ pé oṣù keje ni. Ni wọ́n bá mú ọjọ́ kìíní oṣù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni wọn kò bí lọ́dún tí eéṣú jẹ oko, tàbí lọ́dún tí ojú irin dé ìlú? Ṣùgbọ́n ọjọ́ 23 ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mọ̀ ọ́n ló yẹ kí àwọn tó ń gbé tẹlifóònù yìí ronú lé.

Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù keje 1921, ní ilé nọ́ńbà 106 lójú ọ̀nà Wangzhi, ní àdúgbò tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ní Shanghai. Àwọn aṣojú jókòó yí tábìlì kan ká pẹ̀lú àlejò tí Moscow rán sí wọn. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣojú fún ní gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà kò ju bí àádọ́ta lọ. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù gígùn yọjú, ó ní ẹnì kan lòun ń wá, ó ní òun ṣilé, ó bá tirẹ̀ lọ. Sneevliet, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí wọ́n ń pè ní Maring, ti jẹ irú iyà bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ní erékùṣù Java. Ó ní kí wọ́n tú ká kíá. Li Hanjun, tí ilé náà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Chen Gongbo tó wá láti Guangzhou nìkan ló dúró. Ọlọ́pàá dé, wọ́n tú ilé fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Àbá òfin ẹgbẹ́ náà wà nínú dúróà tábìlì, wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n ti tún un kọ títí ó fi rí wúruwùru. Ọlọ́pàá rò pé bébà lásán ni, ó fi í síbẹ̀.

Chen Gongbo padà sí òtẹ́ẹ̀lì Dadong lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ìbọn fi dún ní yàrá kejì; wọ́n ti pa obìnrin kan síbẹ̀. Tọkọtaya náà sá kúrò ní Shanghai. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Jiaxing, wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Nanhu, Wang Huiwu, ìyàwó Li Da, ẹni tó ṣètò gbogbo rẹ̀, jókòó síwájú ọkọ̀ tó ń ṣọ́nà, wọ́n sì parí iṣẹ́ tí wọ́n bá wá.

Ọdún 1980 ni Shao Weizheng, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ ogun, kó gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ó mú ohun tí Chen Gongbo kọ, ó wá ìròyìn obìnrin tí wọ́n pa ní òtẹ́ẹ̀lì nínú ìwé ìròyìn Shanghai ìgbà náà, ó rí i pé ìdájí ọjọ́ 31 ló ṣẹlẹ̀, ó wá ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù láyé ní 2021 ṣe mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i nìyẹn: òkú obìnrin kan, akọ̀ròyìn ọ̀ràn dídá kan, àti ọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ náà ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Nítorí ọ̀dàlẹ̀ ni Chen Gongbo dà. Ó bá ìjọba tí Jàpáànù gbé kalẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1946. Síbẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ yìí ló so àwọn ìwé ìpàdé àkọ́kọ́ náà mọ́ àpilẹ̀kọ oyè másítà tó kọ ní yunifásítì Columbia ní New York lọ́dún 1924. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ títí di 1960 kí ẹnì kan tó kíyè sí i. Wọn kò tíì rí ojúlówó rẹ̀ tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ títí dòní.

Kò sí ẹni tó fi Shao sùn. Ká ní nọ́ńbà 12377 ti wà nígbà yẹn ńkọ́? Ẹni tó ń sọ fún ẹgbẹ́ pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọ́ nìyí, tó tún fi ẹnu ọ̀dàlẹ̀ jẹ́rìí, kí ni wọn ì bá kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀?

Ẹ má gbàgbé Chen Duxiu. Òun kò lè wá sí ìpàdé Shanghai, òun náà ni wọ́n yàn ṣe olórí. Eré tẹlifíṣọ̀n kan tó gba ìlú kan níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ti sọ ọ́ di àyànfẹ́ àwọn ọ̀dọ́: olóòtú ìwé ìròyìn, oníjà, bàbá tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jiyàn. Ní 1921 ni wọ́n fi òpin sí eré náà. Ó tọ́ kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀ bí wọn kò bá fẹ́ ìyọnu, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fi orin dídùn gbé. Moscow ló ní kí àwọn kọ́múnístì wọ inú Kuomintang, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Chiang Kai-shek wá di ọ̀gá ogun rẹ̀. Chen bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jáde, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Stalin ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1927, Du Yuesheng, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú Shanghai, pe Wang Shouhua, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, wá jẹun nílé rẹ̀. Kò padà délé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìbọn Chiang Kai-shek bo àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Kuomintang pa Yannian, ọmọ Chen, lọ́dún yẹn, wọ́n pa Qiaonian àbúrò rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1929 ẹgbẹ́ lé bàbá wọn jáde, ó sì kú nínú òṣì ní Jiangjin ní 1942. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ilé ìwé fi ń kọ́ ọmọdé pé òun ló fa ìparun 1927.

Nígbà wo ni ohùn yẹn rọ̀? Lẹ́yìn tí Soviet tú ká, tí Moscow ṣí àpótí, tí wáyà tí Stalin ń tẹ̀ jáde síta, ni àwọn onímọ̀ ìtàn inú ẹgbẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù kúrò nínú ẹrù tí wọ́n dì lé Chen lórí. Àpótí ẹlòmíràn ló dá olùdásílẹ̀ wọn láre. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó sunkún nídìí tẹlifíṣọ̀n yóò fẹ́ mọ ohun tó ṣe bàbá yẹn lẹ́yìn náà. Ta ni yóò dá a lóhùn báyìí tí àyà rẹ̀ kò ní máa já nítorí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé ẹgbẹ́ yìí, ju ẹgbẹ́ mìíràn lọ, ló mọ ohun tí fífi ara ẹni sùn ń ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 1930, Li Shaojiu kó ọmọ ogun wọ Futian ní Jiangxi pẹ̀lú àṣẹ ìgbìmọ̀ tí Mao ń darí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òkùnkùn AB, tó lòdì sí kọ́múnístì, ti wọ àárín àwọn aṣáájú ibẹ̀. Wọ́n so wọ́n rọ̀, wọ́n fi tùràrí tó ń jó sun wọ́n lára. Ìyàwó tó wá wo ọkọ rẹ̀, wọ́n mú òun náà mọ́ ọn. Ẹni tí iná bá sì ń jó kì í jiyàn: ó dárúkọ. Ẹni tó dárúkọ, wọ́n mú un, òun náà dárúkọ. Ní ọjọ́ 12, Liu Di, ọ̀gá ọmọ ogun kan ní Ẹ̀ka Ogún ti Ọmọ Ogun Pupa, ìyẹn ọmọ ogun kọ́múnístì, kó àwọn tirẹ̀ wá tú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 1931, wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀ka ogun náà, wọ́n tú u ká, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kọ́múnístì ni o. Ọ̀tá kọ́ ló pa wọ́n.

Ó tó bí àádọ́ta ọdún kí Dai Xiangqing, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà ní Jiangxi, tó lọ ń wá àwọn tó kù láàyè kiri, tó ka àwọn ìwé, tó sì rí i pé kò sí ẹ̀rí pé AB kankan wà láàárín wọn. Ìwé ìtàn ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti gbà pé àṣìṣe ni. Ṣé ìtàn tí wọ́n sọ dòfo nìyẹn, àbí èyí tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ òfo?

A gbọ́ tẹnu àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní irọ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, a kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ onírọ́. Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí Soviet, bí Xi Jinping, olórí ẹgbẹ́ náà, ṣe ṣe ní 2013, pé nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn máa bú Lenin àti Stalin ni ilé wó. Ẹ jọ̀ọ́! Àádọ́rin ọdún ni Soviet fi pa ìdérí dé orí ìkòkò. Nígbà tí wọ́n ṣí i, tí òórùn bo gbogbo ilé, ẹni tó ṣí i lẹ wá ń bá wí, ẹ ò bá ẹni tó dé e wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná owó ìlú lórí òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbé tẹlifóònù tọ̀sán-tòru, eélòó ni yóò ná yín láti ṣí yàrá ìwé kan fún àwọn olùkọ́ yunifásítì yín?

Arọ́kin Ọ̀yọ́ tó ń ka àwọn ọba tó ti wàjà níwájú Aláàfin kò fo Aólẹ̀. Ó ka òun náà, tèpè tèpè. Kò sí Aláàfin tó tìtorí rẹ̀ wó lórí ìtẹ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n pa ìlà tẹlifóònù náà. Kí wọ́n yọ ìbéèrè lórí ìtàn kúrò nínú ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Kí wọ́n sì ṣí àwọn ìwé Futian àti ti 1927, torí àwọn tó kú níbẹ̀ ní ọmọ, wọ́n sì ní ọmọ-ọmọ, àwọn wọ̀nyẹn kò sì tíì gbọ́ ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ lẹ́nu ìjọba.

 Bí ẹnì kan bá wá pe 12377 lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ, tó ní òun fẹ́ fi àwọn kan sùn, pé wọ́n ń sọ kiri pé ọjọ́ kìíní oṣù keje ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí fi hàn pé ọjọ́ 23 ni, orúkọ ta ni òṣìṣẹ́ tó gbé e yóò kọ sílẹ̀?